Wáyà Gbígbó Nínú Agbo Ilé: Ìmọ̀ràn fún Onílé Nípa Iná Mànàmáná

Kò sí àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kì í yẹ ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Kò sì sí onílé tí omi ń kán sí orí ẹní rẹ̀ tí kì í gbé àkàsọ̀ lọ wo páànù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì yẹ̀ wò láti ọjọ́ tí a ti fi í sí ibẹ̀, nítorí pé inú ògiri àti òkè àjà ni ó fi ara pamọ́ sí. Ohun náà ni wáyà tí ń gbé iná mànàmáná kiri ilé. A lè kun ilé ní ọ̀dà tuntun lọ́dọọdún, kí ó máa dán, kí àlejò sì máa yìn ín. Ṣùgbọ́n bí wáyà inú rẹ̀ bá ti gbó, ọ̀dà kò lè mú ewu rẹ̀ kúrò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olúkúlùkù tí ó ní iná nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan àwọn tí ń gbé inú Ìbàdàn àtijọ́ jù, ní Yemẹtu, Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹyẹrúnkà. Níbẹ̀ ni ilé ti sún mọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí páànù ọ̀kan fi ń kan ti èkejì, tí ọ̀nà láàárín wọn sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ àwọn panápaná kò lè gba ibòmíràn kọjá. Bí iná bá sọ ní ilé kan níbẹ̀, kì í ṣe ilé ẹnìkan ni ó wà nínú ewu.

BÍ INÁ ṢE DÉ INÚ ILÉ ALÁMỌ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni a tẹ Ìbàdàn dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwọn jagunjagun. Àwọn ìdílé kọ́ agbo ilé wọn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri, koríko àti ewé ni wọ́n fi bo òrùlé. Nígbà tí ó yá, páànù gba ipò koríko, a sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ara ògiri. Nígbà tí a ń mọ àwọn ilé wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó ń ro ti iná mànàmáná. Fìtílà elépo àti àtùpà ni ìmọ́lẹ̀ wọn. Nítorí náà, nígbà tí iná dé, kò sí ọ̀nà kankan nínú ògiri tí wáyà lè gbà. Àwọn oníṣẹ́ kan pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara ògiri, wọ́n há wáyà mọ́ ọn, wọ́n sì gbé e gba inú àjà lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan.

Kí ọdún 1950 tó dé ni iná mànàmáná ti ń tàn ní apá kan ìlú Ìbàdàn. Ní ọdún 1950 náà ni òfin dá ilé-iṣẹ́ iná ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní ECN. Ní ọdún 1972 a pa á pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìdídò Kainji ní ìkáwọ́, àpapọ̀ wọn sì di NEPA. Ní ọdún 2005 ó di PHCN; láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ aládàáni tí a ń pè ní IBEDC sì ti gba iṣẹ́ pípín iná ní Ìbàdàn. Títí di òní, NEPA ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń pe gbogbo wọn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ti yí padà léraléra. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, wáyà tí ó wà nínú àjà kò tíì yí padà lẹ́ẹ̀kan rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹrù tí wáyà wọ̀nyí ń gbé kò pọ̀. Gílóòbù kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóyá sọ́kẹ́ẹ̀tì kan nínú pálọ̀ fún rédíò. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àwọn tí ó lówó sì ra tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fáànù dé, àti áyọ́ọ̀nù, àti fíríìjì, àti kẹ́tù tí ń se omi, àti ẹ̀rọ amúlétutù, àti fóònù tí gbogbo ènìyàn ń so mọ́ iná ní alẹ́.

Bí ẹrù ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń pọ̀ nínú agbo ilé. Ọmọ tí ó gbéyàwó gba yàrá kan. Ó fa wáyà láti yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ayálégbé gba yàrá iwájú. Ó fa tirẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá tí ń ta omi tútù ní ẹnu ọ̀nà ra fíríìjì. Ọmọ rẹ̀ so wáyà rẹ̀ mọ́ ti gílóòbù. Kò sí ẹni tí ó ní ibi lọ́kàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo tí ó wọlé láti ara òpó ni ó ń gbé ẹrù gbogbo wọn, kò sì sí ẹnìkan nínú ilé tí ó mọ iye ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀.

OHUN TÍ Ń MÚ WÁYÀ GBÓ

Inú wáyà ni bàbà wà, èyí tí iná ń gbà kọjá. Bàbà kì í tètè bàjẹ́. Aṣọ tí a fi wọ̀ ọ́ ni ó ń gbó, aṣọ yìí ni ó sì ń dá iná dúró kí ó má ba ògiri, igi àjà tàbí ọwọ́ ènìyàn. Ní àtijọ́, rọ́bà ni a fi ń ṣe aṣọ náà. Àgbẹ̀ tí ó ní oko rọ́bà mọ̀ pé ohun tí ó rọ̀ ní òwúrọ̀ rẹ̀ a máa le, a sì máa sán bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà ara wáyà rí: lẹ́yìn ọdún 25 tàbí 30 ó lè gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa já sílẹ̀ bí èèpo igi nígbà tí a bá tẹ wáyà náà. Oníke tí a ń lò lónìí pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun náà kì í wà títí láé.

Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Abẹ́ páànù ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn gbóná ju inú yàrá lọ gidigidi, níbẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wáyà sì wà. Eku ni ọ̀tá kejì, nítorí a máa gé aṣọ wáyà jẹ. Omi òjò ni ọ̀tá kẹta, nígbà tí páànù bá jò tí ògiri amọ̀ sì mu omi. Ikán a máa jẹ pátákó tí ó gbé wáyà ró, wáyà náà a sì já sílẹ̀ kí ó máa fì. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni oríkèé, ibi tí ọmọdé tàbí aláìmọ̀ṣẹ́ ti lọ́ wáyà kan mọ́ èkejì, tí ó sì fi tẹ́ẹ̀pù wé e tàbí tí ó tilẹ̀ fi ọ̀rá dì í. Ibi tí ìsopọ̀ kò bá ti dì dáadáa, iná a máa ta níbẹ̀ lábẹ́lẹ̀, kékeré kékeré, nínú igi gbígbẹ àti eruku àjà, fún oṣù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbóòórùn rẹ̀.

ẸRÙ ÀTI OORU

Ó yẹ kí onílé mọ ìṣirò díẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Kò le ju ìṣirò owó kòkó lọ. Agbára tí ohun èlò ń lò ni a ń pè ní wáàtì, a sì máa ń kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Agbára títì iná tí ń wọ ilé ní Nàìjíríà jẹ́ fọ́ltì 230. Bí a bá fi 230 pín iye wáàtì, a ó mọ iye áńpù, èyíinì ni bí iná tí ń ṣàn nínú wáyà ti pọ̀ tó.

Gílóòbù àtijọ́ 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60 jẹ́ wáàtì 360. Èyí kò pé áńpù 2. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni a ro nígbà tí a ń ṣe wáyà ọ̀pọ̀ agbo ilé. Ẹ jẹ́ kí a wá wo agbo ilé kan lónìí ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí iná ti lọ láti òwúrọ̀, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìdílé 4 fẹ́ lọ aṣọ ìsìn ọjọ́ kejì. Áyọ́ọ̀nù 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 1000 jẹ́ 4000. Ẹni 2 ń se omi nínú kẹ́tù oníwáàtì 2000. Èyí náà jẹ́ 4000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 8000, kí a tó ka fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Fi 230 pín in, ó tó nǹkan bí áńpù 35. Bí ó bá jẹ́ wáyà tí kò yẹ kí ó gbé ju áńpù 17 lọ ni ó ń gbé e, ẹrù rẹ̀ ti di ìlọ́po 2.

Ènìyàn lè rò pé bí ẹrù bá di ìlọ́po 2, ooru yóò di ìlọ́po 2. Kò rí bẹ́ẹ̀. James Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní ọdún 1841 pé bí iná tí ń ṣàn nínú wáyà bá di ìlọ́po 2, ooru rẹ̀ di ìlọ́po 4. Bí ó bá di ìlọ́po 3, ooru di ìlọ́po 9. Nítorí náà ni wáyà tí ó ti ń fara dà á láti ọjọ́ pípẹ́ fi lè gbóná kọjá ààlà ní alẹ́ kan ṣoṣo, nítorí pé a fi ohun èlò kan tàbí méjì kún èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Láti inú èyí ni ọ̀nà ìrọ̀rùn kan ti jáde tí kò gba owó púpọ̀. Gílóòbù ìgbàlódé oníwáàtì 10 ń tàn tó gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ wọn ti dín ẹrù wáyà kù, ó sì ti dín owó tí ó ń kó sínú mítà kù pẹ̀lú. Bí àwọn ará ilé bá sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí a má ṣe lọ aṣọ kí a sì máa se omi ní wákàtí kan náà, ìyẹn pẹ̀lú jẹ́ ìrànwọ́ títí àtúnṣe yóò fi dé.

FÍÚSÌ KÌ Í ṢE Ọ̀TÁ

Fíúsì ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ẹnu ọ̀nà iná, kí ó lè yọ́ kí ó sì gé iná kúrò nígbà tí ẹrù bá ti pọ̀ jù. Bírékà ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìyọ́. Ó kàn máa ń já sílẹ̀ ni, a sì lè gbé e padà. Ó dà bí ajá tí ń gbó nígbà tí olè bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a sábà máa ń rí ni pé nígbà tí fíúsì bá já lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, inú a bí àwọn ará ilé, wọ́n a sì pe ọmọkùnrin kan kí ó fi bàbà nínípọn dì í kí ó má baà já mọ́. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti pa ajá rẹ̀ nítorí pé ó ń gbó lóru. Fíúsì kì yóò já mọ́ nítòótọ́. Wáyà inú àjà ni yóò máa gbóná dípò rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí fíúsì tàbí bírékà bá ń já nígbà gbogbo, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni ohun tí ó ń rí tí ó fi ń já.

WÁYÀ TÍ Ó LỌ SÍ INÚ ILẸ̀

Wáyà 3 ni ó yẹ kí ó wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ni iná ń gbà wá, ọ̀kan ni ó ń gbà padà, ẹ̀kẹta ni wáyà ilẹ̀, tí a so mọ́ ọ̀pá irin tàbí bàbà tí a gbá wọ inú ilẹ̀ lẹ́bàá ilé. Bí iná bá ṣìnà sí ara fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù, wáyà ilẹ̀ ni yóò gbà lọ, fíúsì yóò sì já. Bí wáyà ilẹ̀ kò bá sí, iná náà yóò dúró sí ara irin fíríìjì títí ọmọdé yóò fi fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí ilẹ̀ tútù kí ó sì di ìlẹ̀kùn rẹ̀ mú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, wáyà 2 péré ni ó wà. Ihò kẹta ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kò so mọ́ ohunkóhun.

Àgbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ òjò. Ilẹ̀ tí ó ní omi a máa gba iná dáadáa. Ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti gbẹ kì í gbà á tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ó fi dára kí oníṣẹ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀ wọn agbára ọ̀pá ilẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ jù, kí a lè mọ̀ bóyá ó tó tàbí kò tó.

Iná tí ó lè pa ènìyàn kò pọ̀ rárá. Bí ìdá 10 nínú 1000 áńpù kan bá gba ara kọjá, iṣan ọwọ́ lè ká, kí ènìyàn má lè jáwọ́ mọ́. Bí ó bá ju ìdá 30 lọ, ewu ńlá dé bá èémí àti ọkàn. Gílóòbù oníwáàtì 60 ń lo nǹkan bí ìdá 260. Ẹni tí ó ń sọ pé iná gílóòbù lásán kò lè pa ènìyàn kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Fíúsì lásán kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú ewu yìí, nítorí pé áńpù púpọ̀ ni ó ń dúró dè kí ó tó já. Ṣùgbọ́n bírékà kan wà nísinsìnyí tí ń ṣírò iná tí ó lọ àti èyí tí ó padà. Bí ó bá rí i pé ìdá 30 nínú 1000 áńpù ti gba ibòmíràn lọ, yóò gé iná kí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá. Bọ́tìnì kékeré kan wà lára rẹ̀ fún ìdánwò; kí a máa tẹ̀ ẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nínú gbogbo ohun tí owó lè rà fún ilé àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ iná, kò sí èyí tí ó lè dá ẹ̀mí sí jù ú lọ.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ Ó YẸ KÍ ONÍLÉ KÍYÈSI

1. Òórùn bí ti ike tàbí rọ́bà tí ń jóná, tí a kò sì mọ ibi tí ó ti ń wá.

2. Súìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó gbóná nígbà tí a bá fi ọwọ́ kàn án, tàbí tí ara rẹ̀ ti dúdú.

3. Ìró bí ìgbà tí ọ̀rá ń ta nínú agbada, láti inú ògiri tàbí inú súìṣì.

4. Gílóòbù tí ń ṣẹ́jú tàbí tí ń pọ́n nígbà tí ẹlòmíràn bá tan áyọ́ọ̀nù.

5. Ara fíríìjì, páìpù tàbí ògiri tútù tí ń ta ènìyàn lọ́wọ́.

6. Gílóòbù gbogbo ilé tí ó mọ́lẹ̀ lójijì kọjá bí ó ti yẹ. Ó lè jẹ́ pé wáyà tí iná ń gbà padà ti tú ní ara òpó, agbára tí ń wọlé sì lè sún mọ́ fọ́ltì 400. Kí a pa iná gbogbo ilé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ iná.

7. Fíúsì tí ń já nígbà gbogbo, tàbí tí kò já rí láti ọdún pípẹ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù pọ̀.

Ibi tí a bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, kí a má ṣe dúró de èkejì. Ní London ni a ti ṣe ìlànà wáyà àkọ́kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1882, ẹ̀rù ilé jíjó ni ó sì mú wọn ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, òfin ọdún 2020 pàṣẹ pé kí onílé tí ó ní ayálégbé mú oníṣẹ́ yẹ wáyà ilé wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 5. Kò sí ohun tí ó ní kí onílé Ìbàdàn má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀.

BÍ A TI Ń TÚN WÁYÀ ṢE

Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná parí sí ara mítà. Láti ara mítà wọ inú ilé, ti onílé ni. Láti ọdún 2015 ni òfin ti fi ẹ̀ka ìjọba tí a ń pè ní NEMSA múlẹ̀ láti máa yẹ iṣẹ́ iná wò àti láti máa fún oníṣẹ́ tí ó yege ní ìwé ẹ̀rí. Kí onílé béèrè ìwé ẹ̀rí kí ó tó fi iṣẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù láti ṣe é, nígbà tí òrùlé gbẹ, tí owó kòkó sì ti wọlé.

Kí a ṣọ́ra fún wáyà ayédèrú. Àwọn kan wà lọ́jà tí inú wọn jẹ́ alumíníọ̀mù tí a fi bàbà fẹ́ẹ́rẹ́ bò. Alumíníọ̀mù kì í gbé iná tó bàbà, ìsopọ̀ rẹ̀ a sì máa tú. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1965 àti 1973, a fi wáyà alumíníọ̀mù sí ọ̀pọ̀ ilé nítorí pé bàbà wọ́n. Ẹ̀ka ìjọba tí ń ṣọ́ ohun títà níbẹ̀ rí i lẹ́yìn náà pé ìlọ́po 55 ni ó fi ṣeé ṣe jù kí ìsopọ̀ nínú irú ilé tí a fi wáyà ṣáájú ọdún 1972 sí gbóná dé ibi tí ó lè dá iná sílẹ̀, ju nínú ilé oníbàbà lọ. Kí a ra wáyà tí ó ní àmì àjọ SON, kí oníṣẹ́ sì fi ọ̀bẹ ha bàbà rẹ̀ wò: bí inú rẹ̀ bá funfun, kí a dá a padà.

Ní ìwọ̀n, wáyà 1.5 ni a ń lò fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ohun tí ń mú omi gbóná; èyí tí ó ti ara mítà wọlé gbọ́dọ̀ nípọn ju gbogbo wọn lọ. Kí gílóòbù ní ọ̀nà tirẹ̀, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní bírékà tí ó bá ìwọ̀n wáyà rẹ̀ mu. Ní ti ògiri amọ̀, kí a má ṣe gbẹ́ ẹ jìn, nítorí yóò sán. Ó sàn kí a gbé wáyà sínú páìpù oníke kí a sì kàn án mọ́ ara ògiri ní gbangba. Ohun tí a bá ń rí ni a lè ṣọ́.

Kí oníṣẹ́ ṣọ́ra pẹ̀lú nípa àwọ̀. Ní ìlànà àtijọ́, pupa ni wáyà tí iná ń gbà wá, dúdú ni èyí tí ó ń gbà padà, àwọ̀ ewé sì ni ti ilẹ̀. Ní ìlànà tuntun, àwọ̀ ara igi ni tàkọ́kọ́, àwọ̀ aró ni tèkejì, àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìyeyè sì ni ti ilẹ̀. Wáyà dúdú sì lè jẹ́ èyí tí iná ń gbà wá. Ilé tí a tún apá kan rẹ̀ ṣe lè ní méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀lé àwọ̀ láìdán an wò.

Ní ti ẹ̀rọ amúnáwá, kí a má ṣe fi wáyà olórí méjì ti iná rẹ̀ wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì láé. Iná náà lè gba ara mítà jáde sí ara òpó kí ó sì pa ẹni tí ń tún un ṣe. Súìṣì tí ń yan ọ̀kan nínú méjèèjì ni ó yẹ. Ìta gbangba sì ni ipò ẹ̀rọ náà, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn, tí ó sì lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun.

TA NI YÓÒ SAN OWÓ NÁÀ?

Níhìn-ín ni ìṣòro gan-an wà. Agbo ilé kì í ṣe ti ẹnìkan. Bàbá ńlá ni ó kọ́ ọ, gbogbo ọmọ ni ó ni ín. Ohun tí gbogbo ènìyàn sì ni, olúkúlùkù a máa rò pé ẹlòmíràn ni yóò tún un ṣe. Ọmọ tí ó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun wí pé òun kò gbé ibẹ̀. Ayálégbé wí pé òun kì í ṣe ọmọ ilé. Àgbà tí ó wà nílé kò ní owó. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Owó tí kò tó nǹkan bí a bá pín in ká, ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá a gbé. Nígbà tí ilé bá sì jó, gbogbo ọmọ ni ó pàdánù ogún wọn ní ọjọ́ kan.

Mọ́gàjí ni ó ní àṣẹ láti pe ìdílé jọ. Kí ó mú oníṣẹ́ wá kí ó ka iye gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ohun èlò yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ wọ́n sílẹ̀, kí ó sì dá iye owó. Kí a pín owó náà bí ẹrù olúkúlùkù ti rí, kí ẹni tí ó ní fíríìjì 2 má ṣe san iye kan náà pẹ̀lú opó tí ó ní gílóòbù kan. Bí owó kò bá pé lẹ́ẹ̀kan, kí a dá àjọ, kí a sì pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: àkọ́kọ́, pátákó bírékà, ọ̀pá ilẹ̀ àti bírékà tí ń ṣọ́ iná tí ń jò, èkejì, wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ti ibi ìdáná, ẹ̀kẹta, wáyà gílóòbù. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a fi àwòrán ọ̀nà wáyà sí ọwọ́ mọ́gàjí, kí ìdílé sì fi ohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kì yóò fa wáyà tuntun láìsọ fún un. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

BÍ INÁ BÁ GBÉ ÈNÌYÀN

Kí a má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Kí a sáré pa iná ní ibi mítà. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí a dúró lórí pákó tàbí ike gbígbẹ, kí a sì fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Bí wáyà ara òpó ni ó já lù ú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún mọ́ ọn rárá títí ilé-iṣẹ́ iná yóò fi pa á.

Nígbà tí ó bá ti kúrò lára iná, kí a pè é, kí a sì wo èémí rẹ̀. Bí kò bá mí, kí a dùbúlẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn, kí a fi ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn ní àárín àyà, kí a tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láìsinmi, nígbà tí ẹlòmíràn ń wá ọkọ̀. Kí a má ṣe da omi lé e lórí, kí a má sì ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ní ti ojú ibi tí ó jó, omi mímọ́ tí ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20 ni oògùn rẹ̀. Kí a má ṣe fi epo pupa, ẹ̀kọ tàbí iyọ̀ sí i. Bí ojú egbò bá tilẹ̀ kéré, iná lè ti ba ọkàn jẹ́ nínú. Nítorí náà kí ó dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn ará Yemẹtu ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní àdúgbò wọn, UCH tí a ṣí ní ọdún 1957 kò sì jìnnà sí wọn.

Bí ilé bá ti ara wáyà gbiná, kí a kọ́kọ́ pa iná ní ibi mítà; kí a má ṣe da omi sí i nígbà tí iná mànàmáná ṣì wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe iyanrìn gbígbẹ. Kí a kó ọmọdé àti arúgbó jáde ṣáájú ẹrù, kí a sì ránṣẹ́ pe panápaná.

Kí ọyẹ́ ọdún yìí tó parí, kí olúkúlùkù onílé gbé àkàsọ̀, kí ó pa iná, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì, kí ó sì wo inú àjà rẹ̀. Bí ó bá rí wáyà tí aṣọ rẹ̀ ti sán, tàbí oríkèé tí a fi ọ̀rá dì, kí ó má ṣe fi ọwọ́ kàn án, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì ránṣẹ́ sí mọ́gàjí àti sí oníṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà.